Ajá tí ara ń yún: ọ̀nà wo ni kí ẹ yàn láti mọ oúnjẹ tí ara rẹ̀ kọ̀?

Ní agogo márùn-ún ìdájí, ìró kan ló máa ń jí mi nílé wa n'Íbàdàn: ìró ahọ́n. Ajá wa, Kòṣeémánìí, á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa lá ọwọ́ iwájú rẹ̀ láàárín ìka sí ìka, láìsinmi. Funfun ni irun rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méjì, irun ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pọ́n bí aṣọ tí ìpáàrà bá. Itọ́ ló pa á láró bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbé etí rẹ̀ sókè, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ti omidùn tó ti kan jù.

Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Nínú owó tí mo ná láàárín ìgbà yẹn, apá tó pọ̀ ni mo ná síbi tí kò yẹ. Ìdí tí mo fi kọ ìfiwéra yìí nìyẹn. Ọ̀nà márùn-ún ni àwọn èèyàn sábà máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó bá fura pé oúnjẹ ló ń yọ ajá òun lẹ́nu. Wọn ò dọ́gba rárá, ẹni tó bá sì ń ta ọ̀kan kò ní sọ fún yín pé ti ẹnìkejì ló dáa jù. Èmi máa sọ èyí tí mo gbà pé ó dáa jù, mo sì máa sọ irú ẹni tí kò yẹ kó yàn án.

Kí ẹ tó dá oúnjẹ lẹ́bi

Nílẹ̀ wa níbí, bí ajá bá ń họra, yọ̀rọ̀ àti èkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Yọ̀rọ̀ ò nílò kó pọ̀. Bí ara ajá bá ti kọ itọ́ yọ̀rọ̀, méjì mẹ́ta péré ti tó láti mú un họ ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdí ìrù títí irun á fi re. Ẹ fi ìyàrun eléyín wẹ́wẹ́ ya ìdí ìrù rẹ̀ sórí tíṣù funfun. Bí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bá já bọ́, ẹ kán omi sí i. Bó bá yọ pupa, ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ajá yín ló sì ń pọ́n níbẹ̀ yẹn.

Èkúrú ní tiẹ̀ fẹ́ràn eteetí àti ìgúnpá, ó sì lè mú kí ara àwọn ará ilé náà máa yún wọn. Dókítà ẹranko á fi abẹ ha awọ díẹ̀, á wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Ìgbà míì wà tí kòkòrò tó ń fa èkúrú máa wà lára ajá tí wọn ò ní rí i. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fún ajá lóògùn èkúrú bó ti wù kó rí, kí wọ́n lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ó tọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku méjì tó jọra bí ìbejì: àléjì ohun tó wà láyìíká, bí eruku ilé àti ìyẹ̀fun òdòdó koríko, àti àléjì oúnjẹ. Ibì kan náà ni méjèèjì ti máa ń yún ajá: etí, ẹsẹ̀, abíyá, ikùn ìsàlẹ̀, àyíká ihò ìdí. Bí ẹ bá fi wọ́n wéra, àléjì koríko lè rọlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tún gbéra nígbà òjò, ṣùgbọ́n ti oúnjẹ kò mọ ìgbà: ó ń yún un lóṣù kìíní, ó ń yún un lóṣù keje. Ti oúnjẹ lè bá inú jà pẹ̀lú: ajá á máa ṣu lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á rọ̀, á máa bì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á máa fi ìdí wọ́lẹ̀. Bí ìyún náà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ajá tó pé ọmọ ọdún kan, kí ẹ fura sí oúnjẹ dáadáa. Àmọ́ ìfura lásán ni gbogbo èyí. Kò sí dókítà tó lè fi ojú lásán ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ajá míì sì wà tó ní méjèèjì pọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé, "Ṣebí oúnjẹ tó ti ń jẹ láti kékeré ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó sì máa ń fa àléjì gan-an nìyẹn. Ara kì í bínú sí ohun tí kò mọ̀ rí. Àwọn sójà inú ara ní láti kọ́kọ́ bá èròjà amúaradàgbà inú oúnjẹ náà pàdé, kí wọ́n ṣì í mú fún ọ̀tá, kí wọ́n tó máa gbógun tì í. Ó lè gba oṣù, ó lè gba ọdún.

Kí ẹ má sì pe gbogbo inú rírun ní àléjì. Ọ̀pọ̀ ajá tó ti dàgbà ni inú wọn kò lè da ṣúgà inú wàrà. Bí wọ́n bá mu ún púpọ̀, wọ́n á yàgbẹ́, ó parí. Àléjì kì í wo púpọ̀. Ẹyọ kan tó bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì tó o.

Bí ojú ajá yín bá wú lójijì, tí ara rẹ̀ lé wúruwùru, tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tó jẹ nǹkan, ẹ má ka ìyókù àpilẹ̀kọ yìí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko ní wákàtí yẹn.

Ohun tí ara ajá sábà máa ń kọ̀

Ní 2016, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Ralf Mueller, Thierry Olivry àti Pascal Prélaud, kó àkọsílẹ̀ ajá 297 tó ní àléjì oúnjẹ jọ láti inú àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀. Ẹran màlúù ló léwájú, ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún. Wàrà àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe jẹ́ 17, adìyẹ 15, àlìkámà 13, ẹran àgùntàn 5. Sóyà, àgbàdo, ẹyin àti ẹja wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn.

Ẹ wo àwo ajá tiwa báyìí. Pọ̀nmọ́, màlúù ni. Ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, eegun inú ọbẹ̀ àmàlà, màlúù ni gbogbo wọn. Búrẹ́dì àná àti bisikíìtì tí àwọn ọmọdé ń jù sí i, àlìkámà ni. Oúnjẹ ajá inú àpò tó pọ̀ jù lọ́jà, adìyẹ ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ajá bá ń họra, ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò, tàbí kí wọ́n lọ ra àpò olówó gọbọi tí wọ́n kọ sí lára pé kò sí ọkà nínú rẹ̀. Ẹran tó wà nínú àpò yẹn lè jẹ́ ẹran kan náà tó ń dá ajá náà lóró.

Ọ̀nà márùn-ún, bí mo ṣe rí wọn

*Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, itọ́ tàbí irun.* Èyí ló rọrùn jù, òun ló sì burú jù. Ẹ ó fi nǹkan ránṣẹ́, wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ padà. Mo ṣe ti irun. Ìwé tó padà dé to oúnjẹ rẹpẹtẹ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹran àgbọ̀nrín, èyí tí Kòṣeémánìí kò fi ahọ́n kàn rí láyé rẹ̀. Màlúù kò sí níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019: wọ́n fi irun àtọwọ́dá àti omi tí kì í ṣe itọ́ ránṣẹ́ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ajá ló ni wọ́n, èsì àléjì sì jáde fún irun tí kò ní ajá. Ti ẹ̀jẹ̀ sàn ju ti irun lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ara ajá tí nǹkan kan kò ṣe kọ oúnjẹ, ó sì máa ń fo èyí tó ń ṣe aláìsàn. Kí ẹ fi owó yẹn ra ẹran.

*Abẹ́rẹ́ tàbí oògùn tó ń pa ara yíyún.* Steroid bíi prednisolone, tàbí oògùn tuntun bí Apoquel, máa ń mú ìtura wá kíákíá. Mi ò sọ pé kò dáa. Ajá tó ti fi èékánná ya ara rẹ̀ lẹ́jẹ̀ nílò ìsinmi, ìwà ìkà ni kéèyàn fi dù ú. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ni. Ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ gbé ajá mi lọ fún un ní abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tòrò fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń mu omi bí ẹṣin, ó ń sanra, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè ohun tó ń jẹ. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ jẹ́ kó jẹ́ fún ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò oúnjẹ (ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ajá fi ń jẹ kìkì oúnjẹ tí ara rẹ̀ kò mọ̀, kí ẹ lè wò ó bóyá ìyún á lọ), kí dókítà máa dín in kù títí tó fi máa dáwọ́ dúró, kí ẹ lè rí i bóyá oúnjẹ nìkan lè dì í mú.

*Àpò oúnjẹ ọjà tí wọ́n kọ "ẹran kan ṣoṣo" sí lára.* Èyí fà mí mọ́ra púpọ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé ó wà láàárín. Ìṣòro rẹ̀ ni ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń po oúnjẹ adìyẹ lánàá ló ń po ti ehoro lónìí. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Ítálì yẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ 12 wò, wọ́n sì rí ẹran tí wọn ò kọ sára àpò nínú 10. Kò burú fún ajá tí ẹ ti mọ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, tó sì fara dà á. Fún ìwádìí, kò ṣeé fọkàn tẹ̀.

*Àpò hydrolysed.* Dókítà ló máa ń ní kí ẹ rà á. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, Hill's ní z/d, Royal Canin ní Hypoallergenic àti Anallergenic, Purina ní HA. Wọ́n ti gé èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé àwọn sójà ara kò ní dá a mọ̀ mọ́, bí ìgbà tí ẹ lọ fọ́tò ẹnìkan kúnná, kò sí ẹni tó máa mọ ojú yẹn.

*Sísè nílé.* Ẹran kan tí ajá kò jẹ rí, pẹ̀lú oúnjẹ afáralókun kan. Kò sí nǹkan mìíràn.

Àwọn méjì ìgbẹ̀yìn yìí nìkan ni mo kà sí ọ̀nà gidi, àárín àwọn méjèèjì sì ni kí ẹ ti yàn.

Hydrolysed àti sísè nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ní ti owó, sísè nílé ló rọrùn fún wa níbí, kódà bí ẹran náà bá wọ́n. Òkè òkun ni àpò hydrolysed ti ń wá, iye rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé dọ́là. Ohun tó burú ju owó lọ ni pé ó lè tán lọ́jà láàárín ìdánwò. Mo mọ ẹnìkan ní Bódìjà tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, tó wá fi àpò mìíràn dí i fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ló ṣòfò. Bí ẹ bá máa yan àpò, ẹ ra ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ sì rí i dájú pé wọn kò tíì tú u sínú ọ̀rá tà.

Ní ti aápọn, àpò ló borí. Ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó dà á sínú àwo, ó tán. Sísè nílé ń fẹ́ ẹni tó máa wà nílé, iná tàbí gáàsì, àti fíríìjì tó ń tutù. Níbi tí iná kì í dúró, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń sè, mo sì ń pín in sínú ike kéékèèké.

Ní ti oúnjẹ tó pé, àpò tún borí. Gbogbo èròjà tí ajá nílò ló wà nínú rẹ̀. Ẹran àti ànàmọ́ lásán kò ní kálísíọ̀mù tó, kò sì ní àwọn fítámì kan. Ajá àgbà tó ní ìlera lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fara dà á, ọmọ ajá kò lè ṣe é. Eegun ọmọ ajá tó ń dàgbà lè tẹ̀, ó lè ṣẹ́. Bí ajá yín kò bá tíì pé ọdún kan, tàbí tó bá lóyún, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe é, hydrolysed ni kí ẹ yàn, kí ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti òtítọ́ èsì, sísè nílé ni mo gbé sókè díẹ̀, nítorí ẹ̀yin fúnra yín ló mọ gbogbo ohun tó wọ ìkòkò. Àwọn ajá kan wà tí ara wọn ṣì mọ èròjà tí wọ́n gé náà, pàápàá bó bá jẹ́ láti ara adìyẹ tí adìyẹ sì ni àléjì wọn. z/d, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀dọ̀ adìyẹ ni wọ́n fi ṣe é.

Nítorí náà, fún ajá àgbà, nínú ilé tí ẹnìkan ti ń dáná lójoojúmọ́, sísè nílé ni ìmọ̀ràn mi.

Ẹran wo?

Kí ẹ jókòó pẹ̀lú gbogbo ará ilé, ẹ kọ gbogbo ohun tí ajá ti jẹ rí sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Ìwé tiwa kún ojú ewé kan àti ààbọ̀, ìyẹn lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wo ọjà:

| Ẹran | Èrò mi |
|---|---|
| Ehoro | Ó ṣòro kí ajá ilé ti jẹ ẹ́ rí. Àwọn tó ń sìn ín pọ̀ ní ìlú wa báyìí. Òun ni mo yàn. |
| Ẹja àrọ̀ | Ó dáa bí ajá kò bá jẹ ẹja rí. Ilé tó máa ń fún ajá ní orí páńlá tàbí títù kò lè lò ó. Ẹ yọ eegun rẹ̀ tán. |
| Ẹlẹ́dẹ̀ | Ó dáa nínú ilé tí wọn kì í jẹ ẹ́, bí ìgbàgbọ́ yín bá gbà á. Ẹ gé ọ̀rá kúrò, ẹ sè é jinná. |
| Ògúfe, àgùntàn | Rárá, bí ẹ bá fura sí màlúù. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, ara lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn. |
| Tòlótòló, pẹ́pẹ́yẹ | Rárá, bí ẹ bá fura sí adìyẹ. Ìdí kan náà. |

Ti afáralókun, mo mú ànàmọ́, nítorí Kòṣeémánìí ti jẹ iṣu, gàrí àti ìrẹsì dáadáa, kò sì tíì jẹ ànàmọ́. Ajá tiwa wọ̀n tó kìlò 10. Lójúmọ́, ó ń jẹ giramu 180 ehoro tí a ti sè tí a ti yọ eegun rẹ̀, àti giramu 300 ànàmọ́ sísè, a pín in sí àárọ̀ àti alẹ́. Ìyẹn sún mọ́ kàlórì 600. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé e lé òṣùwọ̀n: bó bá fọn, mo fi ànàmọ́ kún un.

Omi nìkan ni mo fi ń sè é. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí màgí, kò sí àlùbọ́sà. Àlùbọ́sà àti aáyù ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́ yálà ó ní àléjì tàbí kò ní, wọ́n sì wà nínú ọ̀pọ̀ màgí. Eegun ehoro tí iná ti bà máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ọwọ́ ni mo fi ń wá a nínú ẹran, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n tó gbé àwo sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́jọ? Olùwádìí mẹ́ta kan náà tí mo dárúkọ lókè ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2015: tí a bá dúró ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún ajá aláléjì oúnjẹ lọ tí ara wọn á ti balẹ̀, tí a bá dé mẹ́jọ, ó ju 90 lọ. Ẹni tó dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó ní "kò ṣiṣẹ́" kò tíì dé ibi tí ìdáhùn wà.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí, ajá kò gbọ́dọ̀ fi ohun mìíràn kan ẹnu. Kí ẹ wo oògùn aràn àti oògùn eégbọn tó ń jẹ: ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníjíjẹ ni wọ́n ti fi adùn ẹran tàbí ẹ̀dọ̀ sí. Ẹ ní kí dókítà fún yín ní èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn. Ọṣẹ ìfọyín ajá ń kọ́? Adìyẹ ló sábà ń run. Àwo àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀? Ìgbẹ́ ológbò lẹ́yìn ilé? Gbogbo rẹ̀ ló kàn yín.

Ṣùgbọ́n inú àwo kọ́ ni ìdánwò yìí ti sábà máa ń bàjẹ́. Ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn ajá náà ló ti ń bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí irun ẹsẹ̀ Kòṣeémánìí ti ń padà funfun láti ìdí, tí mo sì ti sùn dé agogo mẹ́fà fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, màmá mi dé láti Ìṣẹ́yìn.

"Kí ló ṣe ajá yìí tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí?" ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

"Àléjì ni, Màmá. Ehoro nìkan ló ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan."

Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ìró ahọ́n tún jí mi. Mo dìde, mo tan iná, mo rí etí rẹ̀ tó pọ́n wẹ̀. Mi ò pariwo. Mo jókòó ti màmá mi ní ilé ìdáná, mo bi wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n ní pọ̀nmọ́ ni, ẹyọ kan ṣoṣo, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, torí pé ojú tó fi ń wo àwọn kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun àwọn.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ dókítà ṣàlàyé fún wọn tẹ́lẹ̀, kò wọlé. Lọ́jọ́ yẹn mo sọ pé, "Màmá, èèwọ̀ ara rẹ̀ ni màlúù. Bí ilé Bàbá ò ṣe ń jẹ òkété." Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "O ò tètè sọ bẹ́ẹ̀." Láti ìgbà yẹn títí wọ́n fi padà lọ, àwọn gan-an ló ń lé ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí i. "Èèwọ̀ ẹ̀ ni o!" ni wọ́n ń kígbe láti inú yàrá.

Mo gba gbogbo ẹni tó ní ajá aláléjì níyànjú pé kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ yẹn fún àgbàlagbà, fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì, fún ìyá tó ń ta àkàrà lójúde. Gbogbo wa la mọ èèwọ̀. Fún àwọn ọmọ àdúgbò, ìwé ni mo lẹ̀ mọ́ géètì: Kòṣeémánìí ń lo oògùn, ẹ má fún un ní oúnjẹ.

Dókítà ní ká fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un nítorí pọ̀nmọ́ yẹn. A fi kún un.

Dídá oúnjẹ padà

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sá nìyí. Ara ajá ti balẹ̀, ta ló máa fẹ́ dá ìyà padà sí i? Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá dá oúnjẹ àtijọ́ padà, ẹ ò mọ̀ bóyá oúnjẹ ló wò ó sàn, tàbí òjò tó dá, tàbí oògùn yọ̀rọ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kan náà. Ẹ fún un ní ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ tán. Bí ìyún bá padà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ padà sí oúnjẹ ìdánwò títí ara á fi tún balẹ̀. Àléjì oúnjẹ ti dájú nìyẹn. Bí kò bá padà, àléjì ohun àyíká ni kí ẹ lọ bá dókítà sọ, owó ehoro yín kò sì ṣòfò, ó ti ti ilẹ̀kùn kan pa.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa dán ẹran kọ̀ọ̀kan wò, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé eléwé ogójì tí àwọn ọmọ fi ń lọ sílé ìwé ni mo fi ṣe tiwa. Lálaalẹ́, mo ń kọ iye tí mo fún ìyún rẹ̀ láti 0 dé 10, mo sì ń kọ iye ìgbà tó ṣu. Bó ṣe lọ nìyí:

Màlúù bíbọ̀, ṣíbí ńlá méjì lójúmọ́: ọjọ́ kìíní 1, ọjọ́ kejì 2, ọjọ́ kẹta 6. A dúró. Ó gba ọjọ́ mẹ́jọ kó tó padà sí 1.
Adìyẹ: 1 títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé.
Wàrà: ó gùn dé 4 ní ọjọ́ karùn-ún. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, ara màlúù náà ni wàrà ti ń wá.
Búrẹ́dì: 1.
Ẹja títù: 1.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n

Ẹ má fi ehoro àti ànàmọ́ lásán bọ́ ọ lọ títí. Oúnjẹ ìdánwò ni, kì í ṣe oúnjẹ ayérayé. Bí ẹ bá fẹ́ máa sè lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko ṣe ìṣirò kálísíọ̀mù àti fítámì tó yẹ kí ẹ máa pò mọ́ ọn. Fásitì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko tó ń kọ́ni, fásitì FUNAAB l'Ábẹ́òkúta náà ní, ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún ẹni tí kò mọ dókítà kankan. Bí ẹ kò bá fẹ́ sè mọ́, ẹ wá àpò tí ohun tí ara ajá yín kọ̀ kò sí nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sì máa kọ iye sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn àpò, kì í ṣe àwòrán iwájú. Mo ti rí àpò tí adìyẹ wà ní iwájú rẹ̀ gàdàgbà, tí ọ̀rá màlúù sì wà ní ìlà kẹrin lẹ́yìn.

Àléjì oúnjẹ kì í sábà lọ. Ajá tí ara rẹ̀ kọ màlúù lónìí á ṣì kọ̀ ọ́ lọ́dún mẹ́ta òní. Ó sì lè tún kọ ohun mìíràn lẹ́yìn ọ̀la, nítorí náà ẹ má sọ ìwé yẹn nù. Ẹ fi ẹran kan pamọ́ tí ẹ kò ní fún un jẹ, kó lè wà fún ìdánwò mìíràn bó bá di dandan. Tiwa ni ẹlẹ́dẹ̀.

Kòṣeémánìí ń jẹ adìyẹ, títù àti iṣu báyìí, pẹ̀lú ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù tí dókítà wọ̀n fún wa. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń gbé etí rẹ̀ méjèèjì sókè, mo máa ń gbóòórùn wọn, mo sì máa ń tẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Irun ibẹ̀ ti funfun dé orí èékánná.